Egbò Ẹ̀yìn Ìyá Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, oúnjẹ àti aṣọ ni mo sì rò pé ó ń sọ. N kò mọ̀ pé kí a máa yí àgbàlagbà padà lórí ibùsùn wà lára ọmú náà, títí di ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá mi dùbúlẹ̀ ní ilé wa ní Kétu.

Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò gbéra mọ́. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn kan. Ọjọ́ tí a gbé wọn délé, àbúrò mi obìnrin tó fẹ́ wẹ̀ fún wọn ké sí mi pé kí n wá wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn, lókè ìdí, níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ. Egbò kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó jìn, ó ń sun omi, ó sì ń rùn. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa nílé ìwòsàn, kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n kọ fún wa. Inú bí mi púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè dá wọn nìkan lẹ́bi. Èmi náà jókòó ti ìyá mi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Mo ń bu omi fún wọn, mo ń ka ìwé fún wọn, n kò sì yẹ ẹ̀yìn wọn wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn Faransé ń pe egbò yìí ní « escarre ». Bí egungun bá ń tẹ awọ mọ́ ibùsùn láìdẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá nínú àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà láàárín wọn. Ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kò rí oúnjẹ jẹ, yóò sì kú. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, gìgísẹ̀, ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orí ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ń yíra padà lójú oorun láìmọ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ibẹ̀ ń dun òun. Òógùn àti ìtọ̀ tó ń rin awọ, àti bí a ṣe ń wọ́ aláìsàn lórí aṣọ ibùsùn, a sì tún máa dá kún un.

Àwọn ìwé ìṣègùn tí mo rí kà sọ pé àmì àkọ́kọ́ ni kí awọ pọ́n, kí ó má sì funfun nígbà tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Awọ ìyá mi dúdú bí kóró iṣin. Níbo ni pípọ́n yóò ti hàn? Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni mo kà pé lára aláwọ̀ dúdú, ọwọ́ ni kí á fi wò ó: bóyá ibẹ̀ gbóná tàbí ó tutù ju àyíká rẹ̀ lọ, bóyá ó le tàbí ó rọ̀ jù, bóyá dúdú rẹ̀ ti yàtọ̀, bóyá ó ń dun aláìsàn. Bí mo bá ti mọ èyí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá a kì bá tí débẹ̀.

Aládùúgbò wa kan wò ó, ó mi orí, ó ní irú egbò bẹ́ẹ̀, àmì ikú ni. Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà mí. Ní Paris, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Charcot, ògbóǹtarìgì oníṣègùn ilé ìwòsàn Salpêtrière, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ohun tó jọ ọ́: pé iṣan ìmọ̀lára tó bàjẹ́ ló ń fa egbò náà, àti pé nígbà mìíràn ó ń sọ pé ikú ti súnmọ́lé. Ṣùgbọ́n Brown-Séquard, tí a bí ní erékùṣù Mauritius, ti rí i ṣáájú rẹ̀ pé bí a bá gé ọ̀pá ẹ̀yìn ẹranko, tí a sì ń mú un wà ní mímọ́, tí a kò jẹ́ kí ohun kan tẹ̀ ẹ́ lójú kan, egbò kì í yọ sí i. Mo di ọ̀rọ̀ Brown-Séquard mú.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ nínú ilé lórí ohun tí a ó fi di egbò náà. Àbúrò bàbá wa ní kí á ṣí i sílẹ̀ kí oòrùn àti atẹ́gùn gbẹ ẹ́, kí á sì da ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ lo oyin. Àbúrò wa tó wà ní Paris fi páálí kan ránṣẹ́, aṣọ egbò olówó iyebíye ló kún inú rẹ̀, ó rọ̀ bí tìmùtìmù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé kò ní ju omi iyọ̀ tí a pèsè nílé oògùn àti aṣọ funfun lásán lọ. Olúkúlùkù ń bínú pé a kò gba tòun. Èmi, olùkọ́, ni wọ́n ní kí n lọ wádìí.

Ọ̀rọ̀ bàbá wa kékeré ni mo kọ́kọ́ rí ìdáhùn sí. Ní ọdún 1962, George Winter, onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ọgbẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí ara ẹlẹ́dẹ̀, ó fi ọ̀rá bo àwọn kan, ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí àwọn ìyókù. Àwọn tí ó bò yára hu awọ tuntun ní ìwọ̀n ìlọ́po méjì. Èépá ni ìdí rẹ̀: bí ọgbẹ́ bá gbẹ, awọ tuntun ní láti wá ọ̀nà gba abẹ́ èépá kọjá; bí ó bá tutù díẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn rí ohun kan náà lára ènìyàn. Èyí kò sọ pé kí egbò máa wẹ̀ nínú omi o. Omi àpọ̀jù a máa jẹ etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ti oyin tún wá. Ní ọdún 1988, Efem, oníṣẹ́ abẹ kan ní Calabar, kọ̀wé nípa aláìsàn 59 tó fi oyin tọ́jú egbò wọn; 58 nínú wọn ni ara wọn bọ̀ sípò dáadáa. Inú àbúrò mi dùn nígbà tí mo kà á fún un. Mo wá sọ ìyókù. Ẹnì kan ṣoṣo tí oyin kò ràn lọ́wọ́, àrùn Buruli ni wọ́n rí lára rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwa ará Benin mọ àrùn yẹn. Ilé ìwòsàn kan wà ní Pobẹ̀, láàárín àwa Nàgó, tó ń tọ́jú rẹ̀. Kòkòrò ló ń fà á, oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n sì ń lò sí i. Nítorí náà, gbogbo egbò kọ́ ni egbò kan náà. Èkejì ni pé Efem kò ní ẹgbẹ́ aláìsàn mìíràn tí a fi nǹkan mìíràn tọ́jú, tí à bá fi wé tirẹ̀. Bóyá oyin ni, bóyá ìtọ́jú ojoojúmọ́ ni, a kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tí mo ń wá gan-an ni ìwádìí tó fi wọ́n wéra: kí a pín àwọn aláìsàn bí ẹni dìbò, kí apá kan gba aṣọ egbò yìí, kí apá kejì gba òmíràn. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ kí ó sì gbé wọn yẹ̀ wò, kó 51 jọ lórí egbò yìí nìkan, aláìsàn inú wọn jẹ́ 2947. Mo ka àbájáde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé aṣọ egbò kan sàn ju ìkejì lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà kéré, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n kò sì fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé irú aṣọ inú páálí láti Paris sàn ju aṣọ funfun lásán. Ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin kò sí.

Ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo ti fẹ́ padà wálé pẹ̀lú orúkọ oògùn kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó ń fi aṣọ gbígbẹ nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, « Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín dára. Ta ni yóò yí Ìyá padà ní aago méjì òru? »

N kò ní èsì. Láti ọjọ́ tí a ti dé, òun nìkan ló ń ṣe é. Ní gbogbo wákàtí méjì ni ó ń gbé wọn láti ẹ̀gbẹ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àti lóru pẹ̀lú. Èmi ń sanwó, mo ń kàwé, mo sì ń sùn. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo gba iṣẹ́ òru lọ́wọ́ rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì kọ́ mi bí a ti ń ṣe é: a kì í wọ́ wọn, a máa ń gbé wọn ni, a kì í fi wọ́n sùn sórí egungun ìbàdí gan-an, a máa ń dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ìrọ̀rí gba ẹ̀yìn wọn dúró, ìrọ̀rí mìíràn á sì wà lábẹ́ iṣan ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má kan ibùsùn. Aṣọ àlòkù ni ó fi rán àwọn ìrọ̀rí náà, ó sì ki òwú àràbà sínú wọn.

Ṣáájú èyí, èmi ti rò pé kí á ká aṣọ bí òṣùká sábẹ́ egbò náà kí ó má baà kan ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló kọ̀ fún mi. Ó ní etí òṣùká yóò tẹ awọ tó yí egbò ká, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà débẹ̀. Ó tún sọ pé ẹran ara kì í hù láìjẹun, pé kí á wá ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti wàrà Fúlàní fún wọn, kí á má fi ẹ̀kọ nìkan bọ́ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní aṣọ egbò kò wúlò. A lo ti Paris títí ó fi tán, ó sì ràn wá lọ́wọ́ ní ti pé a kì í ṣí egbò lójoojúmọ́, ìrora ìyá wa sì dínkù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Melbourne, tí ó jáde ní ọdún 2013, fi irú rẹ̀ lẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti gìgísẹ̀ apá kan nínú aláìsàn 440 tí ara wọn le gan-an, kí egbò tó yọ rárá. Ẹni 5 ni egbò yọ sí lára nínú àwọn tó gbà á, ẹni 20 nínú àwọn tí kò gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì padà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí, iṣẹ́ àbúrò mi ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ wé aṣọ.

Ní ọjọọjọ́ Àìkú, nọ́ọ̀sì a fi ọ̀rá mímọ́ tó mọ́ gaara lé egbò náà, a sì fi bírò ya etí rẹ̀. A ń to àwọn ọ̀rá náà sórí ara wọn. Ní oṣù kejì, ìlà tuntun ti wà nínú ìlà àtijọ́. Ní oṣù kẹfà, ó ku bí èso ẹ̀wà. Ìyá mi kú ní ọ̀yẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e. Àrùn rọpárọsẹ̀ náà ló padà wá. Egbò ti san nígbà náà. Nígbà tí àwọn obìnrin ilé wa ń wẹ òkú wọn, àbúrò mi pè mí sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, « Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn wọn dán. »

Ní èdè Faransé, « panser », tí í ṣe kí a di egbò, àti « penser », tí í ṣe kí a ronú, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n nígbà àtijọ́: ro ti ẹnì kan, ìyẹn ni pé tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ nílé, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, lálẹ́ òní, ẹ fọwọ́ kan gìgísẹ̀ wọn àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn. Kí ẹ sì bi ara yín ta ni yóò jí ní aago méjì òru. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń jí ní gbogbo ìgbà, ẹ bá a pín in.