Irin Ìyanran àti Ààrò Tó Ń Fọ Ara Rẹ̀

Bí oṣù Karùn-ún bá ti ń parí lọ ní Amẹ́ríkà, tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ẹ̀yìnkùlé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston kì í yàtọ̀ sí ti àwọn aládùúgbò wọn mọ́. Èéfín ni gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé òórùn yájì ló ń ta sánsán láti inú tiwọn. Àlejò á jẹ, á mu, á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Irin tí wọ́n fi yan ẹran náà ni kò ní ibi tí yóò lọ. Ọ̀rá ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ̀pà inú yájì sì ti di èédú sí i lára. Ta ni yóò fọ̀ ọ́, kí ni yóò sì fi fọ̀ ọ́?

Ìbéèrè yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti gbé àwọn kan dé orí ibùsùn iṣẹ́ abẹ. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ha ìdọ̀tí náà. Wáyà tín-ín-rín tó jẹ́ irun búrọ́ọ̀ṣì yìí a máa já, èyí tó já a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rá orí irin, ẹran tí wọ́n bá sì tẹ́ lé e lẹ́yìn náà ni yóò gbé e dé ẹnu. Ní ọdún 2012, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn jáde nípa ènìyàn 6 tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ ṣe léṣe ní ìlú Providence, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Ó gún ẹlòmíràn lọ́fun, ó sì dá ihò sí ìfun ẹlòmíràn. Nígbà tó di ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Missouri ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó ti torí rẹ̀ dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì láti ọdún 2002 lé ní 1,600. Ní orílẹ̀-èdè tí èrò ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 300, iye yìí kò tó nǹkan. Lójú ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ nítorí itan adìẹ kan, ó pọ̀ jù.

Àwọn tí ẹ̀rù wáyà ń bà, àti àwọn tí ọ̀lẹ ń bá jà, ń yíjú sí ilé ìdáná, níbi tí ààrò tó ń fọ ara rẹ̀ wà. Ilé iṣẹ́ General Electric ló gbé irú rẹ̀ jáde sọ́jà ní ọdún 1963. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Onílé á tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn ààrò á ti ara rẹ̀ pa, ooru inú rẹ̀ á sì gòkè dé nǹkan bí 480 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí mélòó kan. Ooru yìí ju ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n fi ń yan odidi adìẹ lọ. Oúnjẹ tó bá lẹ̀ mọ́ ara ààrò yóò jó di eérú. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń rò pé ó lè ṣe bákan náà fún irin ìyanran.

Bàbá ọlọ́mọ kan gbé tirẹ̀ wọlé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ìyá rẹ̀ tó ti Ìjẹ̀bú-Òde wá kí wọn jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe nínú ààrò?”

“Fífọ̀ ni, Màmi. Ààrò náà ni yóò fọ̀ ọ́.”

“Omi dà? Ọṣẹ dà?”

“Kì í lo omi, Mà. Iná ló ń lò.”

“Ọ̀rá tó nípọn tó yìí lo fẹ́ tì mọ́ inú iná? Ẹyẹ inú àgò yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà á máa fa èéfín rẹ̀ símú?”

Màmá kò ka ìwé ìlànà kankan, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò jìnnà sí ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n ń fi sínú páálí irú ààrò bẹ́ẹ̀: kí wọ́n nu ọ̀rá tó bá pọ̀ kúrò ṣáájú, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n sì gbé ẹyẹ jìnnà. Ọ̀rá lè gbiná, ilẹ̀kùn tó ti ti ara rẹ̀ pa kò sì ní ṣí títí yóò fi tutù. Carbon monoxide tún lè wà nínú èéfín náà, gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Irin tí wọ́n fi tánganran bò lè sán. Àwọn tó ń tún ààrò ṣe mọ̀ dáadáa pé ooru àpọ̀jù yìí a máa jó fíúùsì. Ẹni tó bá tan án ní àìsùn ọdún Ìdúpẹ́ lè bá ààrò tútù pàdé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ti ẹyẹ ló dunni jù. PTFE, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Teflon, wà lára àwọn ààrò kan bó ṣe wà lára páànù ìdín-ẹyin. Bí ooru bá ti pọ̀ jù fún un, gáàsì tó ń tú jáde lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ ń gba afẹ́fẹ́ sára ju ti ènìyàn lọ fíìfíì. Ẹyẹ inú àgò yẹn sì ni odídẹrẹ́, ẹyẹ igbó Áfíríkà, tó ni ìkóódẹ. Ẹyẹ tó lè pe onílé lórúkọ kò ní ráyè pariwo.

Eérú ni Màmá béèrè. Eérú igi tí wọ́n pò mọ́ omi ń já ọ̀rá. Omi tí wọ́n sẹ́ lára eérú náà ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Kọ́sítíìkì sódà tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfọ-ààrò tí wọ́n ń fín ń ṣiṣẹ́ bákan náà, àmọ́ agbára tirẹ̀ pọ̀ jù, ó ń bó awọ, kò sì yẹ kí wọ́n fín in sínú ààrò tó ń fọ ara rẹ̀. Fún irin tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò tíì le, omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ tó. Kí wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú ni.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ìgbà tí irin ṣì gbóná ló rọrùn jù láti fọ̀. Wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ ha á, wọ́n á gún ààbọ̀ àlùbọ́sà mọ́ fọ́ọ̀kì, wọ́n á fi pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àlùbọ́sà kì í kúkú wọ́n nídìí súyà. Ẹni tí kò bá lè fi búrọ́ọ̀ṣì onírin sílẹ̀, aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi ni kí ó fi nu irin náà nígbà tó bá ti tutù, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìmọ́lẹ̀ kí ẹran tó dé orí rẹ̀.