Ta Ni Yóò Gbọ́ Bùkátà Ilé Ìgbìmọ̀ Ẹkùn?

Mo wà lára àwọn tó fẹ́ kí ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn tí mo ṣe kò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ owó.

Nígbà tí mo ń kọ ìròyìn láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan, akọ̀wé tó máa ń bá mi wá ìwé àbádòfin kò rí owó oṣù gbà fún oṣù mẹ́rin. Gbèsè ló fi ń wọkọ̀ wá síbi iṣẹ́. Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ra ọkọ̀ tuntun fún àwọn aṣòfin.

Aṣòfin 40 ló wà ní Èkó, 32 ní Ọ̀yọ́, 26 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì: 176 lápapọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá gbé ilé ìgbìmọ̀ ẹkùn lé wọn lórí, ẹrù keje nìyẹn. Bí yóò bá sì rọ́pò wọn, kí ni a ó ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé mẹ́fà?

Ní 1997, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fojú bù ú pé ilé ìgbìmọ̀ Scotland yóò gba mílíọ̀nù 10 sí 40 pọ́ùn. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2004, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù 400. Scotland rí i san, àwa ńkọ́?

Kí àwọn aṣíwájú wa kọ́kọ́ gbé ìṣirò kalẹ̀: òṣìṣẹ́ mélòó, owó oṣù èló, láti àpò ta ni? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.