Ta Ló Ni Títì?

Ìdánwò GCE ni ẹni tí kò parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, tàbí tí èsì rẹ̀ kò pé, fi ń gba ìwé-ẹ̀rí tó bá ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dọ́gba. WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, tí Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Gáḿbíà àti Làìbéríà jọ ní, ló ń ṣe é. NECO, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ń ṣe tirẹ̀ náà níparí ọdún. Ní Nàìjíríà, kò sí Social Studies níbẹ̀, nítorí girama kékeré ni iṣẹ́ yẹn parí sí. Lókè, ó pín sí Government, ìtàn àti jọ́gíráfì. Lágbègbè Sàngó àti Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Government máa ń fa òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì tó ti ń sá fún ìṣirò.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, tí yóò tún bọ́ sí ti òwúrọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò lè dúró síbì kan gba lẹ́sìnnì. Ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni olùkọ́ rẹ̀, àlòkù ló sì sábà máa ń jẹ́: etí rẹ̀ ti ká, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì ti fi báírò yí A, B, C tàbí D po lójú ewé gbogbo. Ìbéèrè 50 láàárín wákàtí kan ni Paper 1. Ẹni tí oorun ń kùn kò ní ṣàì tẹ̀lé báírò yẹn.

Orí ẹ̀kọ́ tó yẹ kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró lé jù ni ti pípín agbára láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Nínú ìwé, àtòjọ tí wọ́n ń há sórí ló jẹ́. Ní Sàngó, ojú títì ló wà. Òpópónà tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Èyí tó yà ní Sàngó, tó gba inú Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò ní bodè Bẹ̀nẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni òun náà. Àwọn ẹ̀ka tó wọnú àdúgbò lọ sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Gáréèjì àti ọjà etí títì, ìjọba ìbílẹ̀ ni Àfikún Kẹrin òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fi wọ́n lé lọ́wọ́, pẹ̀lú kíkó ilẹ̀ dànù àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Kí òṣìṣẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó tó dé ẹnu iṣẹ́, ó lè ti tẹ ilẹ̀ ìjọba mẹ́ta. Bí òjò bá wá rọ̀, tí kòtò kún, tí ọkọ̀ ò lè kọjá, ta ni kí wọ́n bá wí? Ìbéèrè WAEC gan-an nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi èdè tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé e kalẹ̀. Ẹni tó ká ṣòkòtò sókè la omi yẹn kọjá ti mọ ìdí rẹ̀ kó tó ṣíwèé.

Ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Ojú irin tí ìjọba amúnisìn tẹ́ láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901, gba Ìjókò nítòsí Sàngó kọjá. Lábẹ́ òfin 1999, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni àṣẹ lórí reluwé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àtúnṣe òfin gbé e lọ sí àtòjọ tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ní. Àtúnṣe mìíràn lóṣù yẹn kan náà fún ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná mànàmáná kí ó sì pín in, títí kan ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé, ọ̀rọ̀ tí kò kéré rárá níbi tí jẹnẹrétọ̀ kọ́ńpìnnì ti ń ké tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ tún dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, láìgba ọwọ́ gómìnà. Ìwé àlòkù kò mọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Báírò tó yí B po ní 2016 tọ̀nà ní 2016.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìwé kíkà nílé bíi ti òṣìṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn àgbà ṣì ń rántí ìgbà tí ẹ̀kọ́ ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá láti London fún ẹni tí kò lówó kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n ń kà á lábẹ́ àtùpà lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ó ń ra irè oko tà, ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́, ó ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onímọ́tò n'Íbàdàn, ó sì ń kàwé. Ní 1944 ó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London láìjókòó sí kíláàsì wọn. Ní 1947 ó tẹ ìwé Path to Nigerian Freedom jáde, ó jà fún un pé kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní agbára tirẹ̀. Ní 1952 ó di mínísítà fún ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọdún náà ni òfin tó mú kí àwọn tí ará ìlú dìbò yàn pọ̀ jù nínú káńsù jáde.

Ìtàn yìí yí ojú tó yẹ kí a fi wo ìdánwò náà padà. Ohun tí òṣìṣẹ́ Sàngó ń há sórí bí ìdáhùn, iyàn ni nígbà kan, àwọn tó ń kàwé nílé bíi tirẹ̀ sì wà nínú àwọn tó já a. Iyàn náà kò tíì parí, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe 2023 àti ìdájọ́ 2024 fi wáyé. Àìpé ìwé àlòkù ju pé ó ti pẹ́ lọ: ó pa iyàn mọ́, ó fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀ tó dára bẹ̀rẹ̀ nípa gbígba ẹ̀dà àwọn àfikún òfin 1999 pẹ̀lú àtúnṣe wọn, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìbéèrè. Kí a kọ ọdún tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ẹni tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Paper 2, tí àlàyé ti ṣe pàtàkì, ẹni tí ìbéèrè reluwé bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò sọ bó ṣe wà ní 1999, yóò sọ àtúnṣe 2023, yóò sì fi àpẹẹrẹ tì í lẹ́yìn. Àpẹẹrẹ kan wà ní Agbádó, tó sún mọ́ Ìjókò: Red Line tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2024, tó ń ti Agbádó lọ sí Òyìngbò, ojú irin kan náà ló ń bá ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn lò.