Omi Tí A Fi Ṣan Ìrẹsì

Ní ọdún 2018, omi tán ní Bouaké. Mi ò bù mọ́ ọn. Adágún La Loka, tó ń fún ìlú wa ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 omi ẹ̀rọ, ló gbẹ nítorí ọ̀dá òjò. Ẹ̀rọ omi ilé wa dákẹ́. Ọkọ̀ agbómi la wá ń dúró dè, tàwa ti kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bidon níbí.

Màmá mi ní ọgbà kékeré lẹ́yìn ilé: tẹ̀tẹ̀, ilá, ata àti ewédú. Irúgbìn ewédú yẹn, Èjìgbò ni ìyá wọn ti kó o wá, níbi tí ọ̀pọ̀ àwa Ànàgó ilẹ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á pamọ́.

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ọgbà yìí sílẹ̀. Omi mímu gan-an kò tó.”

Wọ́n ní, “Omi tí o fi ṣan ìrẹsì láàárọ̀ dà?”

Mi ò lè fèsì. Inú gọ́tà ni mo dà á sí.

Láti ọjọ́ náà, a gbé báàfù kan sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Omi ìrẹsì, omi ẹ̀wà, omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Màmá dín ebè márùn-ún kù sí méjì, wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀. Ìdájí tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ nìkan la ń bomi rin ín, ìdí igi ni a sì ń da omi sí, kì í ṣe orí ewé.

Wọ́n tún ri ìkòkò amọ̀ kan mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn láàárín ewédú. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Baoulé tó ń mọ ìkòkò ní Tanou-Sakassou, nítòsí Bouaké, ni a ti rà á. Ẹ pọn omi sí i, ẹ dé e. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ ni omi ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ lára ìkòkò náà, tí gbòǹgbò ń mu ún.

Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo da omi ìfọṣọ tí mo po javel mọ́ sórí ebè ewédú, mo rò pé mo ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ewé pọ́n, ó sì rọ. Màmá kò bá mi wí. Wọ́n kàn ń wò ó. Ìyẹn dùn mí ju ìbáwí lọ.

Ìdí mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù, àwọn tó sún mọ́ ìkòkò. Àwọn náà la tọ́jú títí èso wọn fi gbẹ. Irúgbìn tí a rí kò kún àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n òun ni ewédú tí àwọn ọmọ mi ń jẹ lónìí ti wá.

Ẹ̀yin ará ilé, kí ẹ tó da omi abọ́ yẹn nù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ọṣẹ, iyọ̀ tàbí javel níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé.