Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí Wọ́n Fi Ṣọ́ Ajá Onírun Ní Odògunyàn

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Odògunyàn, lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù, àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ òru á máa jáde, àwọn tó fẹ́ ṣe tàárọ̀ á máa wọlé sínú àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ìkòròdú Industrial Estate. Lára èrò yìí ni obìnrin opó kan ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ta ìrẹsì àti dòdò níwájú géètì, Ìyá Oníresì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kì í jẹ gbèsè, kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀. Àfi ìgbà tí ajá kékeré kan dé, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nínú ilé tó ti ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé.

Ọ̀gá kan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tó máa ń rán dírẹ́bà rẹ̀ wá ra dòdò, ló fẹ́ padà sí ìlú wọn. Ó ní ajá kan tí kò lè gbé lọ. Ó ní òun ò ní tà á, ẹni tó lójú àánú lòun máa fi ta lọ́rẹ. Dírẹ́bà bá dárúkọ Ìyá Oníresì. Bí wọ́n ṣe gbé ajá náà dé nínú apẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun àti káàdì kan tí wọ́n ká sínú ọ̀rá. Ó funfun bí òwú, irun bò ó lójú, irun yòókù ń wọ́ nílẹ̀ bíi gáùn ìyàwó. Gbogbo ọmọ inú ọgbà pé lé e lórí. Wọ́n bi dírẹ́bà pé irú ajá wo nìyí, ó ní, "Lásà ni."

Háà! Ọ̀rọ̀ di hẹn-ẹn. "Lásà kẹ̀? Ibà Lásà tó ń pa èèyàn?" Obìnrin aránṣọ tó wà ní yàrá kejì gbá ọmọ rẹ̀ mú, ó tì í wọlé. Kó tó di alẹ́, ariwo ti dé etí bàbá onílé pé Ìyá Oníresì ti gbé àrùn wọlé.

Àìmọ̀ ló sì fà á. Ibà Lásà, ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ló gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969. Eku ló ń gbé e kiri, nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó bá yà sínú gàrí àti oúnjẹ tí a ò dé. Ti ajá yìí yàtọ̀. Lhasa Apso lorúkọ rẹ̀, ìlú Lhasa ní ilẹ̀ Tibet, tó wà lábẹ́ Ṣáínà lónìí, ló ti wá. Orúkọ ló jọra, wọn ò bá ara wọn tan.

Lórí òkè ni ìlú Lhasa wà, ó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 3,600 mítà, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdí tí irun ajá náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ilé àwọn olùfọkànsìn ẹ̀sìn Búdà àti ilé àwọn ọlọ́lá ló ń gbé. Wọ́n á so ajá ràbàtà mọ́ ẹnu ọ̀nà ìta, èyí kékeré á wà nínú ilé. Etí rẹ̀ ló wà fún: bí àjèjì bá ti yọ́ wọlé, á gbó, gbogbo ilé á jí. Wọn kì í sáábà tà á, ẹ̀bùn ni wọ́n máa ń fi ṣe. Ní 1933, Dalai Lama kẹtàlá fi méjì ta ará Amẹ́ríkà kan lọ́rẹ, Suydam Cutting lorúkọ ọkùnrin náà. Nígbà tó di 1935, American Kennel Club fi orúkọ irú ajá náà sínú ìwé wọn. Díẹ̀díẹ̀ ló tàn káyé, títí ó fi dé Èkó wa yìí, níbi tó ti wà lára àwọn ajá kékeré tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù.

Kì í sábà wọ̀n ju kílò mẹ́jọ lọ, ó sì lè lo ọdún 12 sí 15 láyé. Ẹni tó bá rí i á rò pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Irọ́ o! Aṣọ́lé ni bàbá ńlá rẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹni tó ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í tètè fọkàn tán àlejò. Ó lórí kunkun, kò sì fẹ́ kí wọ́n dédé fa òun.

Ìyá Oníresì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ẹ sì mọ Yorùbá, a máa ń fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò. Aránṣọ gbà pé òun ló ń bá wí. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kíra wọn dáadáa mọ́.

Lóru ọjọ́ kan, Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí gbó kíkan-kíkan. Nígbà tí wọ́n máa jáde, olè ti já àgádágodo ilé ìdáná, àpò ìrẹsì méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Olè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá onílé fúnra rẹ̀ ra búrẹ́dì fún ajá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ Lásà rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá Oníresì ò tọ́jú ajá náà bó ṣe yẹ. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, òru ló ń wọlé. Ìrẹsì oníata tó bá ṣẹ́ kù ni ajá ń jẹ. Kò sẹ́ni tó ń ya irun rẹ̀. Irun náà dì pọ̀ bíi tìmùtìmù, ó ń fa awọ ara rẹ̀, eégbọn sá pamọ́ síbẹ̀. Káàdì inú ọ̀rá ọjọ́sí, abẹ́ àpò gàrí ló wà.

Ọmọ aránṣọ, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje, ti ẹ̀yìn yọ sí ajá náà níbi tó ti ń jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó sì fa irun rẹ̀. Ajá tí irun bò lójú, tí ara ń ta, yí padà, ó sì gé e jẹ lọ́rùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ jáde.

Igbe ta. Ẹnì kan ní kí wọ́n bu epo pupa sí i. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gé irun ajá, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n fi dí ojú ọgbẹ́. Wẹ́dà tó ń gbé yàrá iwájú ló sáré wọlé tó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sí i! Ọṣẹ àti omi dà?" Ó gbé ọwọ́ ọmọ náà sábẹ́ omi tó ń ṣàn, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ló sọ ohun tí wọn ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ajá bu àbúrò òun náà jẹ lábúlé, epo ni wọ́n fi pa á, ọgbẹ́ sì jinná. Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí sá fún omi. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú.

Dìgbòlugi nìyẹn. Inú itọ́ ajá ló ń gbé. Bó bá ti fi ara hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n gidi kí ẹni náà tó yè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè fọ ọgbẹ́ tí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, èèyàn á bọ́. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti lò ó fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní Faransé ni ọ̀nà ti là.

Ọsibítù ni wọ́n gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ kan wọ ojú ọgbẹ́, òmíràn wọ apá. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọjọ́ méje, àti lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Owó àjọ tí Ìyá Oníresì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, tó fẹ́ fi ra firísà, ló fi san án. Aránṣọ kò dúpẹ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ìyá Oníresì, bí ọmọ mi bá kú, ẹ̀yin lẹ pa á." Ìyá Oníresì ò fèsì.

Nígbà tí wọ́n délé, àwọn ọ̀dọ́ ti kó igi, wọ́n fẹ́ lu ajá pa. Dókítà ẹranko tí wẹ́dà pè ló dá wọn dúró. Ó ní, "Ẹ má pa á o. Òun ni ẹlẹ́rìí wa. Bí dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tó gé ọmọ jẹ, ajá náà ò ní lè pé ọjọ́ mẹ́wàá kó má ṣàìsàn tàbí kó kú. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa wò ó." Ó béèrè káàdì. Wọ́n fà á jáde lábẹ́ àpò gàrí. Ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún méjì. Ọdọọdún ló sì yẹ kó máa gbà á.

Bàbá onílé ní òun fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá náà. Bí ajá bá ṣàìsàn, kí Ìyá Oníresì kó ẹrù rẹ̀.

Ìyá Oníresì ò lọ sí géètì mọ́. Ó jókòó ti ajá. Bó bá mu omi, á ní "Ọlọ́run o ṣé." Bó bá sùn pẹ́, àyà rẹ̀ á já. Lọ́jọ́ kẹrin, ara ọmọ aránṣọ gbóná. Wọ́n tún pariwo Lásà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, ibà ẹ̀fọn lásán ni. Ọjọ́ keje kọjá, ọjọ́ kẹsàn-án kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, gbogbo ilé ló dúró síta. Tanímọ̀la jẹun, ó mumi, ó sì ń ju ìrù. Aránṣọ bú sẹ́kún, ó sì wólẹ̀ níwájú Ìyá Oníresì. Ìyá Oníresì fà á dìde. Ó ní, "Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀. Èmi ni mi ò ya irun ajá, èmi ni mi ò wo káàdì."

Dókítà gé irun ajá náà mọ́lẹ̀, ó ní ooru ilẹ̀ wa kì í ṣe òtútù Tibet. Ẹni tó bá fẹ́ fi irun rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi òòyà yà á lójoojúmọ́, kó sì máa di ti iwájú kó lè ríran. Kó wà níbòji, kí omi mímọ́ má wọ́n ọn. Kò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà, kò gbọdọ̀ jẹ ṣokoléètì, kò gbọdọ̀ jẹ eegun adìẹ tí a ti sè, torí ó lè gún un nífun. Ọmọ ajá ní láti gba abẹ́rẹ́ àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó sì gba ti dìgbòlugi bó bá pé oṣù mẹ́ta. A ò sì ní láti ti òkun wá a: ní Vom, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, wọ́n ń ṣe àjẹsára dìgbòlugi fún ajá.

Lónìí, ọmọ aránṣọ ló ń ya irun Tanímọ̀la nírọ̀lẹ́, iwájú ló sì ń gbà yọ sí i, kì í ṣe ẹ̀yìn. Káàdì ti kúrò lábẹ́ gàrí, ó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá ilé. Ìyá Oníresì ṣì ń dá àjọ firísà rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí wọ́n bá fi ajá ta yín lọ́rẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè káàdì. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, adìẹ ò lè gbé e mì.