Ẹrù Tí Mo Tijú Láti Gbé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹun tán kí ẹ tó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, èmi ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan ní ìlú Òyìnbó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti ṣe kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní London. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n fi ń gbádùn ara wọn. Ọkọ̀ náà gùn tó 40 ẹsẹ̀ bàtà, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Bí ẹ bá na apá yín méjèèjì nínú rẹ̀, díẹ̀ ni ó kù kí ọwọ́ yín kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Síbẹ̀, ibùsùn wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Orí omi tí wọ́n ń pè ní Grand Union Canal ni a gbà. Kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá. Ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ láti Brentford ní London títí dé Birmingham, ó sì jẹ́ máìlì 137. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n kọ́ ilẹ̀kùn ńláńlá sínú omi. Ọkọ̀ yóò wọ àárín ilẹ̀kùn méjì, omi yóò kún, ọkọ̀ yóò sì máa gòkè bí ẹni tí ń gun àkàsọ̀.

Omi yìí kò ṣàn bí odò Ògùn tàbí odò Ọ̀ṣun. Ohun tí a bá dà sí i kì í tètè lọ. Àwọn apẹja ń jókòó létí rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Omi tí a fi fọ abọ́ lè ṣàn sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni da ìgbọ̀nsẹ̀ sí i. Níbo wá ni kí ènìyàn gbé tirẹ̀ sí?

Lọ́jọ́ tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi mú mi wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, wọ́n sì kọ́ mi bí èmi náà ti ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Àwo ìjókòó wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni àpótí oníke kan wà, tí ó ń gba nǹkan bí lítà 20, bí kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọn omi nílé. Ìdérí pẹlẹbẹ kan ni ó wà láàárín àwo àti àpótí. Bí ènìyàn bá ṣe tán, yóò fa ọwọ́ kan, ìdérí yóò ṣí, omi díẹ̀ yóò fọ gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, yóò sì tún pa á dé kí òórùn má bàa jáde. Oògùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi aró ni wọ́n ń dà sínú àpótí náà pẹ̀lú omi díẹ̀. Òun ni ó ń pa òórùn, tí ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀gbin àti bébà tètè yọ́.

“Tíṣà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “òfin mẹ́ta péré ni. Èkíní, ohun tí kò bá gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ kọjá, má sọ ọ́ síbẹ̀, àfi bébà ìnùdí díẹ̀. Wáìpù tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ kò ní yọ́. Yóò há ìdérí ni. Èkejì, bí iná pupa kékeré yìí bá ti tàn, àpótí ti kún nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta, ẹni tí iná bá tàn mọ́ lọ́wọ́ ni yóò lọ dà á. Ṣùgbọ́n dókítà ti ní kí n má gbé ẹrù wúwo mọ́ nítorí ìbàdí mi.”

Ó yé mi. Bí lítà 20 bá kún, ó tó kílò 20.

Ní ọjọ́ kẹta, iná pupa tàn mọ́ èmi lọ́wọ́. Ọ̀sán Sátidé ni. A ti so ọkọ̀ wa nítòsí ibi tí wọ́n ti ń da ẹ̀gbin. Irú ibẹ̀ wà káàkiri lójú ọ̀nà omi náà; àjọ tí ń jẹ́ Canal & River Trust, tí ó gba ìtọ́jú omi wọ̀nyí ní ọdún 2012, ni ó ń bójú tó wọn, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni àwọn ọlọ́kọ̀ sì fi ń ṣí wọn. Ṣùgbọ́n ilé ọtí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tọkùnrin tobìnrin jókòó síta, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn. Mo wo ara mi. Èmi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń dìde kí! Kí n gbé ìgbẹ́ kọjá níwájú gbogbo àwọn Òyìnbó wọ̀nyí? Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Kò burú. Ibòmíràn wà níwájú.”

Ibòmíràn wà níwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀kùn omi ni ó wà láàárín. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa kí a tó débẹ̀, àárẹ̀ sì mú wa, a sùn. Lóru, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, mo sì rú òfin kejì. Mo fa ọwọ́ ìdérí, kò lọ. Mo fi agbára fà á, ó ṣí, ṣùgbọ́n kò padé mọ́, bébà tí mo ti kó sí i ti há a. Àpótí tí ìdérí rẹ̀ kò bá sì padé kò ṣeé fà yọ. Mo yọ́ padà lọ sùn bí olè.

Nígbà tí mo jí, ẹ̀gbọ́n mi kò sí lórí ibùsùn. Wọ́n ti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn yọ bébà náà, wọ́n ti fa àpótí yọ, wọ́n sì ti gbé e lọ. Mo sáré jáde. Mo bá wọn létí omi, wọ́n jókòó sílẹ̀, àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò lè dìde. Ìbàdí ti dá wọn jókòó.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì. Wọ́n ní, “Dìde, Tíṣà. Gbé e, kí n kọ́ ọ bí a ti ń dà á.”

Mo gbé e. Òyìnbó kan ń gbé tirẹ̀ bọ̀, ó kí mi káàárọ̀, ó ní ojú ọjọ́ dára, bí ẹni pé omi mímu ni àwa méjèèjì gbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá àgbà kan ń fi kẹ̀kẹ́ kékeré fa tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yínmú sí ẹnìkejì. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń pàṣẹ láti ibi tí wọ́n jókòó sí: “Yí ọrùn rẹ̀ síta kí o tó ṣí i. Gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ihò náà. Bí ó bá ti ń ṣàn, fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ta sí ọ lára.” Mo tẹ̀ ẹ́, kò sì ta sí mi lára. Mo fi omi ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fọ ojú ihò náà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, mo da oògùn tuntun sí i. Gbogbo ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí mo gbé wọn padà sínú ọkọ̀, wọ́n ní, “Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Èkó, póò ni ilé wa ń lò. Òru ni àwọn agbépóò ń wá, nítorí àwa ni a kò fẹ́ rí wọn lọ́sàn-án. A ó dí imú, a ó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, torí wọ́n ní bí agbépóò bá gbọ́, yóò da ẹrù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bàbá ẹni. Àwọn ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbin pa wá. Títí tí mo fi kúrò ní Èkó, n kò kí ọ̀kan nínú wọn pé ẹ kú iṣẹ́ rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé àpótí yìí ni mo rántí wọn.”

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Fún ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi dùbúlẹ̀, èmi ni mo ń tọ́jú ibẹ̀. Wọ́n kọ́ mi pé kí a má fi Vaseline tàbí òróró ìdáná ra rọ́bà ìdérí, nítorí wọ́n máa ń bà á jẹ́. Òróró silicone ni ó tọ́ sí i. Kí a má da bleach sí i pẹ̀lú. Bí a bá sì ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí a da gbogbo omi inú rẹ̀ nù, kí a fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, kí rọ́bà má bàa lẹ̀ pọ̀.

Ara ẹ̀gbọ́n mi ti yá báyìí. Bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni pé, “Tíṣà, ṣé iná ti tàn?”

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó o kò ní gbàgbé. Ní ilé ìwé wa, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni a ń rán lọ síbẹ̀. Mo ti fi òpin sí i ní kíláàsì mi. A ti pín in ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láàárín ara wa, orúkọ tèmi náà sì wà lára ògiri. Ọjọ́ Fúráìdé ni tèmi.