Mọ́ṣáláṣí Etí Adágún

Ní ọdún tí a wó mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ilé alámọ̀ onípáànù ni, òpó igi ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ró. Ẹjọ́ tí a rò fún àwọn àgbà ni pé kò jọ mọ́ṣáláṣí: kò ní ilé gogoro tí a ti ń pe ìrun, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì tẹ̀ bí ọrun. Bàbá mi nìkan ló bi wá pé ta ló fi bí mọ́ṣáláṣí ti ń jọ hàn wá. A fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, nígbà tí bàbá ti wọ káà ilẹ̀, mo ṣí ìwé kan, mo sì bá àwòrán mọ́ṣáláṣí Sarkhej pàdé. Sarkhej wà lẹ́bàá Ahmedabad, ní Gujarat, ilẹ̀ Íńdíà. Thomas Biggs, sójà Gẹ̀ẹ́sì, ni ayàwòrán náà. Ní 1866 ni wọ́n tẹ ìwé àwọn àwòrán tó yà nípa ilé àtijọ́ Ahmedabad jáde ní Lọ́ńdọ̀nù.

Etí adágún ni mọ́ṣáláṣí náà wà, nítòsí ibojì Sheikh Ahmad Khattu, àgbà àfáà tí àwọn ọba Gujarat ń wárí fún. Ọdún 1451 ni wọ́n parí rẹ̀. Mahmud Begada, tó jọba láti 1458 di 1511, ló gbẹ́ adágún náà, tó fi òkúta ṣe àtẹ̀gùn wọ inú omi, tó kọ́ ààfin sí etí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. (Ẹni tó bá mọ iyì adìrẹ yóò fẹ́ gbọ́ èyí: ẹ̀lú Sarkhej lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti ti Họ́láǹdì fi ń wá a rà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún.)

Mo wo àwòrán náà títí. Òpó ni, òpó òkúta lẹ́yìn òpó, pẹ̀lú òkúta gbọọrọ tí wọ́n gbé dábùú lé wọn lórí. Iwájú ilé náà kò tẹ̀ bí ọrun níbì kan. Kò sí ilé gogoro. Àwọn agbẹ́kùúta Gujarat kọ́ ọ bí àwọn baba wọn ti ń kọ́ ilé ìsìn Híńdù àti ti Jéènì, àwọn Mùsùlùmí sì wọlé, wọ́n kírun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi gan-an ni. Òkúta nìkan ló fi ìyàtọ̀ sí i.

Ẹ̀rọ ayàwòrán ìgbà náà kò yára. Ẹni tó bá ń rìn kì í hàn nínú rẹ̀ dáadáa. Bóyá ìdí nìyẹn tí gbàgede náà fi dà bí ibi tí wọ́n pa tì. Wọn kò pa á tì. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá síbẹ̀ títí di òní, bí adágún náà tilẹ̀ máa ń gbẹ nígbà ẹ̀rùn.

Ìwé owó sìmẹ́ǹtì àti irin tí a rà wà nínú àpótí mi. Mo ti béèrè ní gbogbo agbo ilé tó wà ní àdúgbò: kò sẹ́ni tó ní àwòrán ilé alámọ̀ náà.